Ẹ̀mìnà ni àbí ewùrà? Ìfiwéra fún ẹni tí ìtàkùn iṣu ń bo àyíká rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Florida

Tí ẹ bá ń gbé ní Florida, tí ìtàkùn kan yọ lẹ́bàá ọgbà yín ní oṣù Kẹrin, tó fi máa di oṣù Keje tó ti gun igi oak dé orí, tó sì da ewé bo gbogbo ẹ̀ka títí oòrùn ò fi ráyè wọlé mọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ewé náà. Ọmọ Yorùbá tó ti dé oko rí yóò mọ̀ pé ewé iṣu ni. Aládùúgbò yín á pè é ní air potato. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ló sọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà, ibẹ̀ sì ni owó àti agbára àwọn èèyàn ti ń ṣòfò, torí pé irú iṣu méjì ló ti di ti inú igbó níbẹ̀, ohun tó sì ń ṣẹ́gun ọ̀kan kò ní fọwọ́ kan èkejì rárá.

Ọ̀kan ni ẹ̀mìnà, òun ni air potato gan-an, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dioscorea bulbifera. Èkejì ni ewùrà tiwa gan-an, Dioscorea alata, tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́, tí a fi ń dín ọ̀jọ̀jọ̀. Àwọn méjèèjì ló wà nínú àkójọ àwọn ewéko tí ìjọba ìpínlẹ̀ Florida kà sí aṣebi. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbìn wọ́n tàbí kó sọ wọ́n di púpọ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun àwọn èèyàn wa, pàápàá àwọn ará Ìjẹ̀bú tó ti ń ro bí wọ́n ṣe máa fi ẹ̀bù ewùrà díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ohun tí ìtàkùn yìí ń ṣe fún igbó ibẹ̀ kò ní bá ìjọba jiyàn.

Bó ṣe dé ibẹ̀

Ọdún 1905 ni ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ fi ẹ̀mìnà ránṣẹ́ sí Henry Nehrling, onímọ̀ ọ̀gbìn kan tó ń gbé ní Gotha, nítòsí Orlando. Nígbà tó yá, ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé tí a bá yọ kudzu, ìtàkùn aṣebi mìíràn, kúrò, òun ò tíì rí ìtàkùn tó burú tó báyìí ní gbogbo Florida. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn tó parí, ẹ̀mìnà ti gba inú igbó, etí odò àti ẹ̀yìnkùlé káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Nígbà ooru, ó lè fi sẹ̀ńtímítà 20 gùn sí i lójúmọ́ kan, ó sì lè gun òkè tó mítà 20. Kò ní májèlé tó ń ta sí igi. Oòrùn ló ń gbà mọ́ igi lọ́wọ́, ìwúwo rẹ̀ a sì fa ẹ̀ka ya.

Áfíríkà àti Éṣíà ni orírun ẹ̀mìnà, àwa náà sì ní in nílé láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ìran rẹ̀ wò, èyí tó wà ní Florida sún mọ́ ti Éṣíà ju ti Áfíríkà lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwa la gbé e wá.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ fún àwọn ìyá wa tó wá kí ọmọ: ẹ má ṣa ọmọ ẹ̀mìnà inú igbó Florida, ìyẹn iṣu wẹẹrẹ tó ń so sára ìtàkùn rẹ̀, sè. Èyí tí àwọn kan ń jẹ nílé jẹ́ irú tí àwọn àgbà ti yàn láti ìran dé ìran, tí wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ti inú igbó máa ń korò, oríṣi ẹ̀mìnà sì wà tí ohun inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ẹ fọwọ́ kan ara ìtàkùn kí ẹ tó wo ewé

Ọ̀pọ̀ ìlànà tí wọ́n ń kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé. Lójú tèmi, ara ìtàkùn ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹ mú ìtàkùn náà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, kí ẹ yí i bí ẹni ń yí òwú. Tó bá jẹ́ ẹ̀mìnà, á yí gere lọ́wọ́ yín, torí ara rẹ̀ róbótó, ó sì ń dán. Tó bá jẹ́ ewùrà, kò ní yí dáadáa. Ẹ ó mọ igun mẹ́rin lára rẹ̀, ẹ ó sì rí ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ ìtàkùn náà lọ, tó sábà máa ń pọ́n díẹ̀ níbi tó sún mọ́ ilẹ̀. Kò ní gbà yín tó ìṣẹ́jú kan láti mọ èyí, òkùnkùn gan-an ò sì lè dí i lọ́wọ́.

Ohun tó kù nìyí. Mo fi ìtàkùn ọmọ bíbí ilẹ̀ Florida kan kún un, ìyẹn greenbrier, torí ọ̀pọ̀ ń ṣì í pa.

| Ohun tí ẹ ó wò | Ẹ̀mìnà | Ewùrà | Greenbrier |
|---|---|---|---|
| Ara ìtàkùn | Róbótó, ó ń dán | Onígun mẹ́rin, ó ní ìyẹ́ | Ó le, ó ní ẹ̀gún |
| Bí ewé ṣe ń jáde | Ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan ṣe wà lọ́tùn-ún ni èkejì wà lósì | Méjì-méjì ló sábà máa ń kọjú síra | Ọ̀kọ̀ọ̀kan, ewé rẹ̀ nípọn |
| Bó ṣe ń gun igi | Ara rẹ̀ ló fi ń lọ́ mọ́ igi | Bákan náà | Ó ní okùn tín-ín-rín tó fi ń di ẹ̀ka mú |
| Ọmọ orí ìtàkùn | Ó sábà máa ń róbótó, àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú | Ó gùn, ó dúdú, ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka | Kò ní. Èso wẹẹrẹ ló ń so |
| Inú ilẹ̀ | Iṣu kékeré, nígbà mìíràn kì í sí rárá | Iṣu ńlá tó wọlẹ̀ jìn | Gbòǹgbò líle |

Àwọn kan á ní kí ẹ wo apá ibi tí ìtàkùn ń lọ́ sí, torí pé ẹ̀mìnà àti ewùrà kì í lọ́ sí apá kan náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dojú rú fún ẹni tó dúró lábẹ́ igi tó ń gbójú sókè. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀.

Florida tún ní iṣu igbó tirẹ̀, Dioscorea floridana àti Dioscorea villosa. Àwọn wọ̀nyí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ewé wọn jọ ti iṣu, ṣùgbọ́n wọn kì í so ọmọ sórí ìtàkùn láéláé. Tí oṣù Kẹsàn-án bá dé tí ẹ ò rí ọmọ kankan lára ìtàkùn tó ti dàgbà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ fi han ọ́fíìsì UF/IFAS Extension (ẹ̀ka Yunifásítì Florida tó ń gba àgbẹ̀ àti onílé nímọ̀ràn) tó wà ní county yín, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Greenbrier náà, oúnjẹ ẹyẹ ni èso rẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ ń dunni, mo gbà, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ló wà.

Ohun ìjà mẹ́ta: kòkòrò, ọwọ́, oògùn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkòrò, torí òun ni àwọn èèyàn mọ̀ jù, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì lò jù.

Orúkọ rẹ̀ ni Lilioceris cheni. Kò gùn tó sẹ̀ńtímítà kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa fòò, orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú. Éṣíà, ní Nepal àti Ṣáínà, ni àwọn onímọ̀ ti rí i, tí wọ́n kó o wá sí Florida, tí wọ́n tì í mọ́lé, tí wọ́n fi oríṣiríṣi ewéko dán an wò láti mọ̀ bóyá á jẹ nǹkan mìíràn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀mìnà nìkan ló gbójú lé, wọ́n tú u sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2011. Láti ìgbà náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti pín in fún àwọn onílé lọ́fẹ̀ẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń fò kiri.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ṣí ewé ẹ̀mìnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde wò lábẹ́. Ẹyin rẹ̀ funfun, wọ́n á tò jọ, etí ewé á sì ká wọnú díẹ̀ níbẹ̀. Abo kan lè yé ẹyin tó ju 1,000 lọ kó tó kú. Àwọn ìdin tó bá jáde kì í tú ká. Wọ́n á tò fẹ́gbẹ́ kẹ́gbẹ́ lábẹ́ ewé kan náà, wọ́n á fi ìgbẹ́ ara wọn pa ara kí nǹkan mìíràn má baà jẹ wọ́n, wọ́n á máa jẹ ẹran ewé títí yóò fi ku kìkì iṣan. Tí wọ́n bá yó, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, wọ́n á fi ìfófòó funfun kan tó máa ń gbẹ ṣe ilé, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń di kòkòrò. Ẹni tó bá ń ro ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀mìnà lásìkò yẹn, ọmọ ogun ara rẹ̀ ló ń pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá fín oògùn apakòkòrò sí i nítorí pé ó rí ihò lára ewé.

Ibi tí kòkòrò yìí ti dára: kò ná yín ní kọ́bọ̀, kì í rẹ̀ ẹ́, ó ń dé orí igi tí àkàbà ò lè dé, igi tó wà lábẹ́ ìtàkùn kò sì ní fara gbá. Ẹ̀mìnà tó bá ti jẹ kì í so tó ti tẹ́lẹ̀, ọmọ tó bá so á sì kéré. Ibi tó kù sí: kì í pa ẹ̀mìnà run. Ọdún tó ń bọ̀, ìtàkùn á tún yọ, kòkòrò á tún padà sí i. Ó tún máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pọ̀ láàárín ọdún, nítorí náà ẹ lè rí ewé tútù yọ̀yọ̀ ní oṣù Karùn-ún kí ẹ rò pé kòkòrò ti kú tán. Ẹ ní sùúrù.

Ewùrà ńkọ́? Kòkòrò yìí kì í jẹ ẹ́. Tí ẹ bá tú u sórí ewùrà, ebi ni ẹ dá fún un. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ yí ìtàkùn lọ́wọ́ wò kí ẹ tó lọ bẹ ẹnikẹ́ni fún kòkòrò.

Ní ọdún 2021, ìjọba tún gba kòkòrò kejì láyè, Lilioceris egena. Ọmọ orí ìtàkùn ni èyí ń bá jà. Ìdin rẹ̀ á gbẹ́ wọnú ọmọ náà, á máa jẹ ẹ́ láti inú. Bí ti àkọ́kọ́ ṣe ń jẹ ewé ni èyí ń jẹ ọmọ. Inú mi dùn gidigidi sí èyí, torí pé ọmọ gan-an ni gbòǹgbò wàhálà yìí.

Ọwọ́ ló kàn. Ó rọrùn, ó sì le. Ẹ̀mìnà kì í sábà tanná ní Florida, ọmọ orí ìtàkùn ló fi ń tàn kálẹ̀. Tí òtútù bá dé, ewé á pọ́n, á gbẹ, ìtàkùn á kú, àwọn ọmọ á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á sùn títí ooru á fi padà. Gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn, ẹ̀bù ni. Èyí tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ náà lè hù. Omi ìkún lè gbé wọn lọ, ẹni tó bá da pàǹtírí ọgbà sẹ́bàá ọ̀nà ti gbìn wọ́n síbẹ̀. Nítorí náà ìgbà tó dára jù láti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ni oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, tí ewé ò sí, tí ilẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ẹ lè rí ọmọ. Ní Gainesville, ará ìlú máa ń kóra jọ ní oṣù Kìíní láti ṣa ọmọ ẹ̀mìnà nínú igbó ìlú. Tọmọdé tàgbà ló ń lọ, ó sì dára lójú mi. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ, ojú wọn ríran ju tiwa lọ.

Nígbà ooru, ẹ gé ìtàkùn nísàlẹ̀ kí ẹ fi ti òkè sílẹ̀ kó gbẹ síbẹ̀. Ẹ má fà á já lórí igi, torí ẹ̀ka á bá a wá, ọmọ á sì bọ́ sílẹ̀ bí òjò kó tó dé ọwọ́ yín. Tó bá jẹ́ ewùrà, gígé lásán kò tó. Iṣu ńlá wà nísàlẹ̀, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń wa ewùrà: ẹ ó gbẹ́ ilẹ̀ jìn, ẹ ó sì kó gbogbo ègé tó bá ṣẹ́ kúrò. Níbi tí èèyàn wa ti sàn ju aládùúgbò rẹ̀ lọ nìyí. Òyìnbó tó bá fa ìtàkùn já á rò pé òun ti ṣe tán.

Oògùn apakoríko ni mo fi sẹ́yìn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Glyphosate àti triclopyr ni wọ́n ń lò jù. Glyphosate ń pa ohunkóhun tó bá ní ewé tútù. Triclopyr kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe koríko ilẹ̀ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń pa igi. Ẹ wá rò ó wò: ìtàkùn tó lọ́ mọ́ igi oak, báwo lẹ ṣe máa fín in láìfín igi? Fún ìtàkùn tó ń rá lórí ilẹ̀ gbalasa tí kò sí ohun mìíràn tó yẹ ká dá sí níbẹ̀, oògùn lè ṣiṣẹ́. Fún èyí tó ti gun igi, ẹ gé e nísàlẹ̀ kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú ọgbẹ́ tó kù lórí ilẹ̀.

Àsìkò ṣe pàtàkì ju bí oògùn ṣe lágbára lọ. Ẹni tó bá fín in ní oṣù Kẹrin á jó orí ìtàkùn, iṣu inú ilẹ̀ á tún gbé òmíràn jáde. Tí oṣù Kẹsàn-án bá ti dé, kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, oúnjẹ ló ń lọ láti ewé sí ìsàlẹ̀, oògùn á sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn nínú wọn tó ń pa ọmọ tó ti bọ́ sílẹ̀. Ìwé tó wà lára ike oògùn, òfin ni ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ẹ kà á tán. Tí odò tàbí adágún bá wà nítòsí, èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé a lè lò lẹ́bàá omi nìkan ni ẹ gbọ́dọ̀ rà. Níbi tí kòkòrò pupa bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé páńpù yín padà sílé.

Èwo ni kí ẹ yàn?

Ẹ̀mìnà nínú ọgbà kékeré: ọwọ́ àti kòkòrò. Ẹ ṣa ọmọ nígbà òtútù, kí ẹ fi ewé sílẹ̀ fún kòkòrò nígbà ooru. Mi ò rí ìdí kankan tí ẹni tó ní ilẹ̀ kékeré fi máa ra oògùn nítorí ẹ̀mìnà.

Ẹ̀mìnà nínú igbó ńlá tàbí etí odò: kòkòrò ló máa ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ọwọ́ ò lè ká gbogbo rẹ̀, oògùn á sì ba ohun tí ẹ fẹ́ dá sí jẹ́. Ẹ fi agbára yín sí ẹ̀bá ọ̀nà àti ibi tí omi ń gbà kọjá, kí ọmọ má baà rìn jìnnà sí i.

Ewùrà: kòkòrò ti jáde nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ wà á. Tó bá ti pọ̀ kọjá ohun tí ọ̀kọ́ lè ká, ibẹ̀ ni mo ti gbà pé kí ẹ lo oògùn, ní oṣù Kẹsàn-án, kí ẹ sì wa èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Àwọn méjèèjì lójú kan náà, èyí sì máa ń ṣẹlẹ̀: ẹ wa ewùrà kúrò pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ fi ẹ̀mìnà sílẹ̀ fún kòkòrò. Ẹ so ọ̀já aláwọ̀ kan mọ́ ìdí ìtàkùn ewùrà ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ hàn dáadáa, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó gbẹ́ nígbà tí ewé bá ti gbẹ tí gbogbo rẹ̀ ti jọra.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ọdún kan kò ní tó. Ọmọ tí ẹ kò rí lónìí ló máa yọ ní oṣù Kẹta. Ẹ máa yẹ ilẹ̀ náà wò lọ́dọọdún títí ẹ ó fi rí ìgbà ooru tí ìtàkùn kankan ò yọ.

Tí ẹ bá ti ṣa ọmọ, ẹ má dà á sórí ààtàn, ẹ má kó o mọ́ pàǹtírí ewé tí wọ́n ń wá gbé lọ ṣe ajílẹ̀. Á hù níbẹ̀. Ẹ dì í sínú báàgì ọ̀rá, kí ẹ fi í sínú fírísà kó dì gbagidi kó tó lọ sínú ìdọ̀tí, tàbí kí ẹ sè é títí á fi rọ̀ kí ẹ tó dà á nù.

Fún àwọn tó ń lọ sílé

Ẹ má gbé kòkòrò pupa yìí dé Nàìjíríà, bó ti wù kó wúlò fún yín tó ní Florida. Nílé, ẹ̀mìnà kì í ṣe ọ̀tá. Ó wà nínú igbó tirẹ̀, àwọn kan ṣì ń gbìn ín lẹ́bàá ilé, wọ́n ń jẹ ẹ́ nígbà tí iṣu bá wọ́n. Ohun tó jẹ́ olùgbèjà lọ́hùn-ún á di ajẹnirun lọ́dọ̀ wa. Òfin sì wà lórí gbígbé kòkòrò alààyè kọjá ẹnubodè.

Ẹni tí ìkọ́kọrẹ́ ń wù, kó ra ewùrà ní ọjà àwọn ará Áfíríkà, tàbí kó wò ó lára àwọn iṣu tí àwọn ará Cuba ń tà ní Miami, tí wọ́n ń pè ní ñame. Ibi tó yẹ kó ti ṣọ́ra ni èèpo àti orí iṣu. Orí iṣu tó bá ní ojú, tí ẹ bá sọ ọ́ sẹ́yìn ilé lẹ́yìn tí ẹ bẹ iṣu tán, á ta gbòǹgbò. Ẹ sè é mọ́ iṣu yòókù, tàbí kí ẹ fi í sínú fírísà pẹ̀lú èèpo rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n máa wá kó ìdọ̀tí.